Mo Gbé Ewúro Tíṣà Mi Lọ sí Íńdíà

Ẹ̀yin ará Lọ́kọ́ja tí ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ tí mo ti dé pé, "Sìdí, kí lo lọ ṣe gan-an?", ẹ jókòó dáadáa. Àwọn kan ní ìwé ni mo lọ kà. Àwọn kan ní ọkọ ni mo lọ wá. Ìyá mi tí ń ta aṣọ lọ́jà ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ pé dókítà ni mo lọ dà, bẹ́ẹ̀ mi ò lè gún ewúrẹ́ pàápàá lábẹ́rẹ́. Òótọ́ ibẹ̀ nìyí: ewúro ni mo gbé lọ sí ilẹ̀ Íńdíà, mo lọ bi í bóyá ohun tí a ń sọ nípa rẹ̀ nílé jẹ́ òótọ́. Oṣù mẹ́fà ni mo lò níbẹ̀. Bí mo bá ń sọ ọ́ tí ayọ̀ gbé mi lọ jù, ẹ fi orí jì mí, ó ṣì ń ṣe mí bíi pé kí n máa fò sókè.

*Ẹni tí ó rán mi níṣẹ́*

Màmá Bọ́sẹ̀ ló kọ́ mi ní ABD nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Bùnú ni, ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ó sì ń gbé ní Karaworo pẹ̀lú Àǹtí Bọ́sẹ̀, àkọ́bí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá tí ẹ ń rí ní ọ́fíìsì ìjọba nílùú yìí, ó ti fa etí wọn rí. Àfi bí ó ṣe di ọdún tó kọjá tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Kọ́kọ́rọ́ ni ó kọ́kọ́ ń gbàgbé, lẹ́yìn náà ó di orúkọ èèyàn, ó wá di ọ̀nà ilé. Lọ́jọ́ kan ó jáde láti ra iyọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ọlọ́kadà kan ló gbé e dé nírọ̀lẹ́ láti Ganaja, ibi tó jìnnà réré. Àwọn aládùúgbò ní ó ń ṣarán. Nílé ìwòsàn, wọ́n ní àrùn ìgbàgbé ni, pé ọpọlọ ló ń ṣàìsàn.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbọ́ níbì kan pé ewúro dára fún ọpọlọ. Láti ọjọ́ náà, àràárọ̀ ni ó ń já ewúro ẹ̀yìnkùlé, tí ó ń fún un, tí ó sì ń gbé ife kan tó kún dẹ́nu fún ìyá rẹ̀. Kò fi omi là á, kò fi oyin sí i.

Yunifásítì tó wà ní Adankolo ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lórí ewé, ibẹ̀ ni mo sì ti rí ààyè láti lọ kọ́ṣẹ́ sí i ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń wo ohun tí èròjà inú ewé ń ṣe sí pròtéìnì inú sẹ́ẹ̀lì. Mo lọ dágbére fún Màmá. Orí rẹ̀ pé lọ́jọ́ náà. Ife ewúro wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún ojú pọ̀.

Ó kí mi bí àwọn ará ilé rẹ̀ ní Bùnú ṣe ń kíni: "Ọ̀kun o, Sìdí. Wọ́n ní o ń lọ wo ewé nínú ẹ̀rọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mú tèmi lọ. Bi í bóyá ó ń ṣe nǹkan kan fún mi. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, wá sọ fún mi kí n yé mu ìkorò lásán. Má parọ́ fún mi nítorí pé mo darúgbó o. Kí o sì tètè dé. Mo fẹ́ gbọ́ ọ nígbà tí mo ṣì mọ ohun tí mo bi ọ́."

Àǹtí Bọ́sẹ̀ yí ojú sí ògiri. Èmi lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo gé ewúro náà, mo fọ̀ ọ́, mo sá a lábẹ́ ibòji títí ó fi gbẹ, mo sì gún un. Odindi ewúro tí mo gbé kúrò ní Karaworo kò ju ọ̀rá kan lọ.

*Ọkùnrin onírunmú*

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú dà yín láàmú. Ìgbà tí mo balẹ̀ ní Bẹngalúrù ni ìrìn-àjò mi bẹ̀rẹ̀. Ìwé àṣẹ tí mo fi gbé ewé wọlé pé lọ́wọ́ mi, síbẹ̀ mo di ọ̀rá náà mú ṣinṣin. Òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè kan tí irunmú rẹ̀ gùn dé etí tú ọ̀rá náà, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sín lẹ́ẹ̀mẹta. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá. Ìyẹn kò gbóòórùn ní tirẹ̀, ìka ló fi kàn án tí ó sì fi lá a. Ẹ ò rí ojú rẹ̀!

"Kí lẹ ń fi èyí ṣe?" ni onírunmú bi mí.

Mo ní, "A ń jẹ ẹ́, sà. Àwọn kan ní ó wúlò fún ìgbàgbé."

Ó wò mí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sí ọ̀tún sí òsì. Mo rò pé ó kọ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀: ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ dákun sà, tíṣà mi ló rán mi. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ ni orí ń mì sí i. Mo ti ń sún mọ́ ẹkún kí n tó rí i pé òǹtẹ̀ ti wà lórí ìwé mi tipẹ́. Bí àwọn èèyàn ibẹ̀ ṣe ń sọ pé "ó dáa" nìyẹn. Mo palẹ̀ ẹrù mi mọ́ kíá kí ó tó rò ó lẹ́ẹ̀kejì.

*Ilé kẹ̀kẹ́*

Láti Bẹngalúrù ni mo ti wọ ọkọ̀ lọ sí Mysuru, ìlú tí mo gbé. Láàárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jáde sí títì, kí ni mo rí? Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta! Kẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún, kẹ̀kẹ́ lósì, wọ́n ń fọn fèrè bí ẹni pé wọ́n ń lọ sí Ganaja. Ẹ̀yin ọlọ́kẹ̀kẹ́ wa, ọ̀dọ̀ àwọn ará ibẹ̀ lẹ ti rí i. Ìyàtọ̀ kan ṣoṣo ni pé awakọ̀ tèmi kò gbé ẹnì kankan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ níwájú. Mo ní kí ó sún kí èmi jókòó síbẹ̀, ó rò pé orí mi dàrú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kí èèyàn ládùúgbò mi ni pé "Ṣé o ti jẹun?" Èmi tí n kò mọ̀, mo dá ìyá onílé tó wà lódì kejì lóhùn ní òtítọ́ pé mi ò tíì jẹun. Ìyá náà di ọwọ́ mi mú, ó fà mí wọlé, ó tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú mi, ó sì kó ìrẹsì àti ọbẹ̀ oríṣi márùn-ún lé e. Nígbà tí ó yá ni wọ́n sọ fún mi pé ìkíni lásán ni, pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni èèyàn ń dáhùn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún àlàyé. Lọ́jọ́ kejì, ìyá náà tún bi mí. Mo ní mi ò tíì jẹun.

Ọwọ́ ni wọ́n fi ń jẹun, ọwọ́ ọ̀tún bíi tiwa, ara mi sì balẹ̀. Àmọ́ ẹran kò wọ ilé tí mo gbé, ẹja pàápàá kò wọ̀ ọ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹja odò wa nìkan ni mò ń lá lálàá. Ẹ wá gbọ́ èyí. Lọ́jọ́ kan Kavya, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ tí a jọ ń ṣiṣẹ́, mú mi lọ sílé wọn lábúlé. Wọ́n gbé òkèlè dúdú rìbìtì kan síwájú mi, ìyẹ̀fun ọkà kéékèèké kan ni wọ́n fi rò ó, ọbẹ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ilé bá pé lé mi lórí láti kọ́ mi. Bàbá Kavya ní, "Má rún un lẹ́nu o. Ṣe ni kí o gé e, kí o fi kan ọbẹ̀, kí o sì gbé e mì." Èmi ọmọ Lọ́kọ́ja ni wọ́n ń kọ́ ní òkèlè! Mo fọ ọwọ́ mi. Kí bàbá tó sọ̀rọ̀ tán, mo ti ń béèrè èkejì, àwọn ọmọ ilé sì ń pàtẹ́wọ́.

Mi ò ní sọ pé gbogbo ojú ló rẹ́rìn-ín sí mi. Obìnrin kan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú bọ́ọ̀sì, ó lọ dúró, bẹ́ẹ̀ kò tíì dé ibi tó ń lọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí títí di alẹ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá tí ń ta òdòdó ní ẹnu ọ̀nà wa mú òdòdó funfun olóòórùn dídùn há sára ìbòrí mi, ó sì kọ̀ láti gba owó. Mo wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́, inú mi sì dùn.

*Nínú òkùnkùn*

Èèyàn ń bọ́ bàtà kí ó tó wọ ibi tí a ti ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sumitra ló ni ilé-àyẹ̀wò náà, obìnrin àgbà tí irun rẹ̀ ti funfun, tí kì í pariwo. Sẹ́ẹ̀lì tí a ń lò jẹ́ ohun alààyè tí ojú lásán kò lè rí. Inú abọ́ pẹlẹbẹ ni wọ́n ń gbé, omi aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni oúnjẹ wọn, inú àpótí olóoru sì ni wọ́n ń sùn. Èèyàn ń bọ́ wọn bí ẹni ń bọ́ òròmọdìyẹ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ pròtéìnì náà fún mi. Nínú sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ, pròtéìnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti òpó tí ń gbé òrùlé ró. Bí àrùn ìgbàgbé bá dé, pròtéìnì yìí á kúrò lẹ́nu iṣẹ́, á wá lọ́ mọ́ ara rẹ̀, á di kókó. Bí kókó bá ti pọ̀, sẹ́ẹ̀lì á kú. Wọ́n ti ṣe é kí pròtéìnì náà máa tàn bí iná aláwọ̀ ewé, kí a lè rí i bí a bá fi ẹ̀rọ awò wò ó nínú yàrá tó ṣókùnkùn.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ojú sí awò náà, mo kígbe, "Súbúhánálàhì!" Kavya sáré wọlé, ó rò pé iná gbé mi. Ohun tí ń mú kí Màmá gbàgbé ọ̀nà ilé ni mò ń wò yẹn, kókó kéékèèké tí ń tàn nínú òkùnkùn. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì tún dùn, mi ò lè pín méjèèjì níyà. Mo wò ó títí wọ́n fi lé mi jáde.

*Ìkíni tí ó ba iṣẹ́ jẹ́*

Mo fún èròjà inú ewúro Màmá jáde, mo ro ó sínú àwọn abọ́ sẹ́ẹ̀lì, mo sì dúró. Lọ́jọ́ kẹta, omi abọ́ ti dọ̀tí, èbu funfun bíi ti búrẹ́dì tó ti bu ti bò wọ́n. Mo dà wọ́n nù, mo tún ṣe é. Èbu tún dé. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, pàbó náà ni. Ewúro inú ọ̀rá ti tán pátápátá, ìgò kékeré kan tí kò gùn ju ìka mi lọ ni ó ṣẹ́kù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré ni mo sì ní láti lò sí i.

Mo pe Àǹtí Bọ́sẹ̀. Ó ní Màmá ti ń pe òun ní orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. "Ṣùgbọ́n àràárọ̀ tí mo bá gbé ife ewúro fún un, ó ń béèrè bóyá o ti dé. Sìdí, jọ̀ọ́, ṣe kíá." Mo wọ ilé ìwẹ̀, mo sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Kavya gbé àga rẹ̀ sẹ́yìn mi, ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́. A ń ṣiṣẹ́ nínú àpótí onígíláàsì kan tí afẹ́fẹ́ mímọ́ ń fẹ́ nínú rẹ̀. Ọwọ́ nìkan ló ń wọ inú rẹ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí a ti fi ọtí nù. Kò pẹ́ tí mo fi gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi.

"Sìdí, kí lo ṣe tán báyìí?"

"Mi ò ṣe nǹkan kan."

"Ọ̀jọ̀gbọ́n kọjá lẹ́yìn rẹ. O yọ ọwọ́, o kúnlẹ̀, o fi ọwọ́ kan ilẹ̀, o kí i. O dìde, o sì tún ti ọwọ́ kan náà bọ inú àpótí!"

Mo jiyàn. Mo ní irọ́ ni. Ó ní kí n dúró. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n ń padà bọ̀, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, àfi bí mo ṣe rí ara mi nílẹ̀. Mi ò rán orúnkún mi níṣẹ́ o! Orúnkún ló lọ fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń ṣe láràárọ̀ fún oṣù mẹ́rin, tí mò ń kó ìdọ̀tí ilẹ̀ bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì mi. Ẹ̀kọ́ ilé tí ìyá mi fi pàṣán kọ́ mi ni ó pa wọ́n.

Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ wọlẹ̀. Kavya sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo rò pé á bínú, ṣùgbọ́n ó ní, "Mo rò pé ohun kan ń já bọ́ lọ́wọ́ rẹ ni nígbàkúùgbà tí mo bá ń kọjá." Ó ní àwọn ọmọdé tiwọn náà ń fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, pé òun mọ̀ pé kò rọrùn fún ọmọ tí a tọ́ dáadáa láti jókòó. Láti ọjọ́ kejì, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbà wọlé. Ó ń yí gbogbo ilé po nínú oòrùn, kí orúnkún mi má baà gbọ́ ọ.

*Ìgò tí ó ṣẹ́kù*

Mo fi ìgò tí ó ṣẹ́kù ṣe é lẹ́ẹ̀kan péré. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kí ẹlòmíràn fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ lára àwọn abọ́, kí Kavya sì ka kókó inú wọn, kí ó má baà jẹ́ pé ìfẹ́ tí mo ní sí ìyá yìí ni yóò bá mi kà á. Mo gbà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mi ò fi lè jẹun. Rárá, mo jẹun, ṣùgbọ́n mi ò gbádùn rẹ̀.

Nígbà tí a ṣí orúkọ abọ́, kókó kún inú àwọn tí kò rí ewúro. Nínú àwọn tí ó rí ewúro, kókó dín kù gan-an, àwọn òpó sì dúró. Kò sí èbu kankan! Mo pariwo, mo gbé Kavya sókè, mo jó dé ẹnu ọ̀nà. Ewúro Karaworo! Ewúro ẹ̀yìnkùlé!

Ọ̀jọ̀gbọ́n náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó fa bébà kan yọ. "Ife mélòó ni tíṣà rẹ gbọ́dọ̀ mu kí ìwọ̀n tó pọ̀ tó èyí lè dé ọpọlọ rẹ̀?" A ṣírò ó papọ̀. Kò sí ikùn èèyàn tó lè gba ohun tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. A ò sì tíì mọ̀ bóyá èròjà náà lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ wọ inú ọpọlọ rárá. Ayọ̀ mi jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn, ìdáhùn rẹ ni méjèèjì. Gbé méjèèjì délé."

*Karaworo*

Ọjọ́ tí mo dé, mi ò tú ẹrù. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ tó gbé mi fi èdè Haúsá kí mi káàbọ̀, "Hajiya, sannu da zuwa," mo sì sọ ìtàn òkèlè fún un títí a fi dé Karaworo. Màmá ti rù, àmọ́ ó mọ̀ mí. Ó ní, "Sìdí! Kí ni ewúro wá sọ?"

Mo sọ ọ́. Mo ya òpó àti kókó sórí bébà fún un. Nígbà tí mo dé ibi tí òpó ti dúró, ó pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé. Mo sọ ìyókù.

Ó fi ìka kan àwòrán náà. "Nítorí náà, nínú abọ́, ó ṣe é. Nínú orí tèmi, ẹnì kan kò mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ife kan láàárọ̀ kò lè tó. Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀."

"O ṣé tí o ò parọ́." Ó ti ife náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Bọ́sẹ̀, gbé èyí kúrò. Tíì ni kí o máa pò fún mi, kí mílíìkì pọ̀ nínú rẹ̀, kí ó dùn dáadáa." Àǹtí Bọ́sẹ̀ gbé ife náà, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé ẹja lọ fún wọn. Màmá jókòó níwájú tíì tó ti tutù, ó ń bínú.

"Ewúro mi dà?"

Àǹtí Bọ́sẹ̀ ní, "Màmá, ẹ ti ní ẹ ò mu ún mọ́."

"Èmi? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Mo ní n ó máa mu ún títí Sìdí yóò fi ti Íńdíà dé. Ọmọ yẹn kò ní parọ́ fún mi." Ó yíjú sí mi, ó sì kí mi bí a ti ń kí àlejò.

Àǹtí Bọ́sẹ̀ wò mí. Mo wá fa àga mi sún mọ́ Màmá.

Mo ní, "Sìdí ti dé, mà."

Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ó ti dé? Kí ló wá sọ?"

Mo wá bébà, mo ya òpó, mo sì sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, èyí tó dùn àti èyí tí kò dùn. Ó pàtẹ́wọ́ níbi tó yẹ. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ó fa ife tíì sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó sì mu ún.